Ẹ̀wù Dírẹ́tọ̀, Awọ Ìlù Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀wù mẹ́ta ni Dírẹ́tọ̀ wa ní fún ọjọ́ ìdíje nìkan. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun, ẹ̀kẹta dúdú tí wọ́n fi okùn aláwọ̀ wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ní èjìká méjèèjì. Lọ́dún tó dá ẹ̀kẹta yẹn, téèpù ni àwọn ọmọ wa fi ń lẹ awọ ìlù wọn. Kì í ṣe pé ẹnì kan ló sọ ọ́ fún mi. Èmi ni akápò ẹgbẹ́, èmi ni mo sì sanwó ẹ̀wù náà.

Ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè ni ẹgbẹ́ wa, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, tí wọ́n á máa yan lórí pápá bíi sójà: ìlù pẹlẹbẹ níwájú, ìlù ńlá lẹ́yìn, fèrè idẹ láàárín, àwọn tó ń ju àsíá sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́. A kì í lọ lù ú níbi ìnáwó ẹnikẹ́ni. Ìdíje la ń bá lọ. Àwọn adájọ́ á jókòó ti bébà, wọ́n á fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí bí ìlù ṣe dún, bí ẹsẹ̀ ṣe bára mu, àti bóyá wọ́n tètè dé àbí wọ́n pẹ́. Ẹni tó bá rí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó máa ń fọn fèrè yan lọ́jọ́ Àìkú nílé yóò mọ ohun tí mò ń wí, àmọ́ tiwa le ju ìyẹn lọ, ó sì ń jẹ owó jù ú lọ.

Ọmọbìnrin mi ló mú mi débẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti Peckham wá sí Dagenham nígbà náà, èmi àti òun nìkan. Ọmọ ọdún méjìlá ni, kò sì fẹ́ràn ibi tí mo mú un wá. Ó lè wà nínú ilé láti àárọ̀ dalẹ́ kó má sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a lọ ra bàtà iléèwé ní Heathway. Bí a ṣe ń gba ẹ̀yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù kọjá, a gbọ́ ìlù láti inú gbọ̀ngán kan. Ọmọ mi dúró.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká wọlé wò wọ́n."

Ó ti lé ní oṣù méjì tó ti tọrọ nǹkankan lọ́wọ́ mi kẹ́yìn. A wọlé. Obìnrin kan ló ń kọ́ wọn, kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Barking ni wọ́n bí i sí, bọ́ọ̀sì ló ń wà, jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lórí àga nítorí pé láti ibẹ̀ ló ti ń lọ síbi iṣẹ́. Ó wo ọmọ mi, kò béèrè orúkọ rẹ̀, ó kó igi ìlù méjì lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ṣe bí mo ṣe ń ṣe." Ọmọ mi ṣe é. Nígbà tí à ń padà sílé, ìka ló fi ń lu orúnkún ara rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Ó tó oṣù kejì kí n tó fojú kan Dírẹ́tọ̀. Bàbá Ìjẹ̀bú kan ni, ẹni ọgọ́ta ọdún tàbí kó lé díẹ̀, tí ohùn ilé kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ bó tilẹ̀ ti lò ju ogún ọdún lọ ní London. Lọ́jọ́ iṣẹ́, òun ló ń pín ọ̀nà fún àwọn tírélà ní ibùdó kan ní Dagenham Dock. Òun ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fọn fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì nílé nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì mọ bí a ṣe ń to ọmọ sórí ìlà. Ohun tí kò mọ̀ ni ìgbà tó yẹ kó kúrò níwájú ìlà.

Gbogbo wa la ń pe ara wa ní brọ̀dá àti sìsítà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò gbà. Dírẹ́tọ̀ ni ká máa pe òun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Igbákejì Dírẹ́tọ̀ wà, lẹ́yìn ìyẹn Olùdámọ̀ràn Pàtàkì, lẹ́yìn ìyẹn ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Alábòójútó Ayẹyẹ, tí mi ò rí iṣẹ́ kan tó ń ṣe rí ju kó máa gbé fìlà Dírẹ́tọ̀ tẹ̀lé e lọ. Àgbàlagbà mẹ́sàn-án ló joyè nínú ẹgbẹ́ wa. Olùkọ́ ìlù kan ṣoṣo la ní, ìyẹn kò sì gba kọ́bọ̀.

Bí mo ṣe di akápò kò le. Wọ́n gbọ́ pé ibi tí wọ́n ti ń ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni mo wà nínú ilé ìkẹ́rù kan ní Dagenham Dock. Níbi ìpàdé òbí, Dírẹ́tọ̀ na ọwọ́ sí mi lójú gbogbo èèyàn.

Ó ní, "Mà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka owó òyìnbó fún òyìnbó, ṣé ẹ ò ní bá wa ka tàwọn ọmọ yín ni?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn. Ó yẹ kí n sọ èyí síta, nítorí ó rọrùn láti máa gan ọkùnrin yẹn bí ẹni pé èmi kò ní ohun tó ní nínú. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá wọ gbọ̀ngán, àwọn òbí á ní, "Akápò, ẹ káàárọ̀ mà," èmi náà á sì na ọrùn díẹ̀. Ó tó ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú yìí, kò sẹ́ni tó fi orúkọ iṣẹ́ kí mi rí.

Àpò ọ̀rá ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kó ìwé owó lé mi lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń to risíìtì lórí tábìlì ìdáná. Owó tó ń wọlé kò ṣòro láti mọ̀: ohun tí òbí kọ̀ọ̀kan ń san lóṣù, ìrànwọ́ díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ kánsù, àti owó ìrẹsì àti púfú-púfú tí àwọn ìyá ń tà. Ibi tó ń jáde sí ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. "Ìtọ́jú aṣáájú." "Ìgbàlejò." "Ìmúra aṣáájú." "Àwòrán aṣáájú," nítorí pé ó lọ ya àwòrán lọ́dọ̀ ayàwòrán, nínú ẹ̀wù funfun, tó di ọ̀pá àṣẹ mú, wọ́n sì fi gíláàsì sí i kọ́ sára ògiri gbọ̀ngán tí kì í ṣe tiwa. Gbogbo ọjọ́ Sátidé la ń gbé e kọ́, tá a sì tún ń gbé e sọ̀kalẹ̀.

Mo wá a lọ lẹ́yìn ìdánrawò kan. Ó jókòó, ó ń mu tíì tí Alábòójútó Ayẹyẹ pò fún un.

Mo ní, "Dírẹ́tọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, olùkọ́ ní awọ ìlù mọ́kànlá ló ti bàjẹ́."

"Akápò, ìlù tó bá gbó ló máa ń dùn."

"Àwọn adájọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀ sà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn lẹ́ẹ̀mejì pé ohùn ìlù wa kò bára mu."

Ó gbé ife sílẹ̀. "Tí ẹgbẹ́ bá wọ pápá, ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí? Èmi ni. Orí ni iyì ara. Ẹ kọ́kọ́ sanwó ẹ̀wù yẹn, tó bá yá a ó sọ ti awọ."

Ó kù díẹ̀ kó pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́ùn. Mo san án. Mo sọ fún ara mi pé tuntun ni mí, pé ó yẹ kí n ní sùúrù, pé àgbàlagbà ni bàbá náà. A ní ọ̀pọ̀ orúkọ tó dáa tí a fi ń pe ojo.

Olùkọ́ ìlù ń fi owó ara rẹ̀ ra igi ìlù fún àwọn ọmọ tí kò ní. Mo bá a níbi tó ti ń fi téèpù dí ojú ìlù kan, mo ní ó mà kú iṣẹ́ o, pé ó dùn mí pé ẹgbẹ́ kò rí nǹkan fún un.

"Àǹtí, mi ò wá síbí nítorí owó," ó ní. "Tí kò bá sí, kò sí náà. Àmọ́ tí mo bá lọ gbọ́ pé ó wà, tí wọ́n wá jẹ́ kí ìlù rí báyìí, mi ò ní wá mọ́."

Ó wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a di ẹ̀gbẹ́ kan mú kí téèpù náà má bàa wé. Ìyẹn ni gbogbo èsì tí mo fún un.

Ìdíje tó tóbi jù lọ́dún náà wà ní ìlú etíkun kan lápá àríwá, ìrìn bíi wákàtí mẹ́rin láti Dagenham. Bọ́ọ̀sì ńlá kan ló máa gbé àwọn ọmọ àti ohun èlò. Àwọn òbí dá owó bọ́ọ̀sì lọ́tọ̀. Ìyá àgbà kan wà láàárín wọn, ará Èkìtì, tó ń tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, tó sì ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá yìí mú tirẹ̀ wá nínú àpòòwé lẹ́ẹ̀mẹ́rin, díẹ̀ díẹ̀, ó sì ń gba risíìtì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. A san ìdajì fún oníbọ́ọ̀sì, ìdajì tó kù wà ní báńkì.

Báńkì wa ní ètò pé èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí owó kó tó jáde: Dírẹ́tọ̀ á fi í sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, èmi náà á tẹ̀ ẹ́ lórí tèmi. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, mo ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́ nígbà tó pè mí.

"Ìyá rere, ẹ bá mi tẹ owó kan tó wà lórí fóònù yín."

Mo wò ó. Ẹgbẹ̀fà pọ́ùn ni. "Kí la fẹ́ fi ṣe sà?"

"Àyẹ̀wò ni. Aṣáájú gbọ́dọ̀ lọ wo pápá kí àwọn ọmọ tó débẹ̀. Ẹ máa rí risíìtì."

"Owó bọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀ o, sà."

"Ọ̀rẹ́ mi ni oníbọ́ọ̀sì. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Owó kánsù náà sì ń bọ̀ lọ́nà. Àbí ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?"

Oúnjẹ mi ń tutù, ẹnì kan sì ń dúró de àga mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò gbà ju kí èèyàn fi àtàǹpàkò kan fóònù lẹ́ẹ̀kan.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ yẹ pápá wò fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí risíìtì dé, mo tò wọ́n sórí tábìlì: yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tó kọjú sí òkun, oúnjẹ alẹ́ ẹni méjì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àti ibi tí wọ́n ti ń fi òróró ra ẹ̀yìn èèyàn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ ìlù bi í níwájú wa ibi tí bọ́ọ̀sì máa dúró sí ní pápá náà, àti bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, bóyá koríko ni tàbí kọnkéré.

Dírẹ́tọ̀ ronú díẹ̀. "Etíkun yẹn fẹ̀ dáadáa," ó ní.

Kò débẹ̀ rárá. Ó lo ọjọ́ mẹ́rin ní ìlú tí pápá wà, kò fojú kan pápá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje, aago mẹ́fà, àwọn ọmọ mọ́kànlélógójì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ Heathway nínú yúnífọ́ọ̀mù, ìlù àti fèrè wọn tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Aago mẹ́fà ààbọ̀, kò sí bọ́ọ̀sì. Nígbà tó di aago méje mo pe oníbọ́ọ̀sì. Ẹni tó gbé e fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé ìdajì owó kò wọlé, pé àwọn kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì sí Dírẹ́tọ̀, pé wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní bọ́ọ̀sì náà láti ọjọ́ Tọ́sìdeè. Ọ̀rẹ́ kan kò sí níbẹ̀. Ẹni náà ò tilẹ̀ lè pe orúkọ Dírẹ́tọ̀ dáadáa.

Kò pẹ́ sí i ni Dírẹ́tọ̀ dé nínú mọ́tò rẹ̀, òun àti ìyàwó, nínú ẹ̀wù dúdú olókùn wúrà. Fìlà rẹ̀, èyí tí ìyẹ́ funfun dúró ṣánṣán lórí rẹ̀, wà lórí àga ẹ̀yìn. Ó fi bẹ́líìtì dè é. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ má fòyà. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Mo jẹ́ ọmọ Aládùúrà, mi ò ní fi àdúrà ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ àdúrà, mo sì mọ ìgbà tí èèyàn bá sá sábẹ́ rẹ̀. Bí Dírẹ́tọ̀ ṣe ń de Èṣù, tó sì ń tú ìdè nínú àdúrà, bàbá ọ̀kan nínú àwọn onílù, awakọ̀ tírélà kan, kò di ojú. Fóònù wà ní etí rẹ̀. Kí a tó ṣe àmín, ó ti yá ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan lọ́wọ́ ẹnìkan ní Dagenham Dock. Olùkọ́ ìlù náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọn ọmọ.

"Ẹni tí mọ́tò bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá wà níbí, ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀yin onílù, ẹ dúró tì mí. Ìlù kọ́kọ́, fèrè tẹ̀ lé e."

Dírẹ́tọ̀ ní òun ń lọ síwájú láti lọ gba ipò wa sílẹ̀. Ìyá àgbà ará Èkìtì lọ bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò.

"Dírẹ́tọ̀, ọmọ mẹ́ta lè bá yín lọ lẹ́yìn yẹn."

Ó bojú wẹ̀yìn. "Fìlà ńkọ́, mà?"

Mọ́tò náà lọ, pẹ̀lú fìlà nínú bẹ́líìtì àti àyè ọmọ mẹ́ta.

Èmi wọ ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú awakọ̀ náà àti ọmọbìnrin mi. Mọ́tò àwọn òbí pín káàkiri ojú ọ̀nà, àwọn kan ṣìnà, ọ̀kan bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n pe ẹgbẹ́ wa, ọmọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n péré ló ti dé. Wọ́n ti kọ́kọ́ yọ máàkì wa nítorí pé a pẹ́. Àwọn ọmọ sáré wọ pápá, àwọn kan ò tíì de bọ́tìnnì tán. Dírẹ́tọ̀ wà níwájú, ìyẹ́ funfun ń fẹ́ nínú atẹ́gùn, kò bojú wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan láti mọ iye ẹni tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n tó ìdajì eré nígbà tí téèpù ìlù ọmọ mi já, tí awọ náà sì ya láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó sí. Ó ṣì ń yan. Ó sún igi sí etí ìlù, ó ń lu igi mọ́ igi, kó, kó, kó, ó ń ka ẹsẹ̀ fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ títí wọ́n fi jáde. Ojú rẹ̀ le bí òkúta. Olùkọ́ ìlù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Àwa la ṣe ìkẹyìn. Wọ́n fún gbogbo ẹgbẹ́ tó wá ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n wá. Dírẹ́tọ̀ gorí pèpéle lọ gba tiwa, ó bọ́ fìlà, ó fì í sọ́tùn-ún, ó fì í sósì, bí ọ̀kín tó gba àmì ẹ̀yẹ nítorí ìrù. Ìyàwó rẹ̀ ya fọ́tò.

Nígbà tí à ń padà, ọmọ mi jókòó láàárín èmi àti awakọ̀. Ó yíjú sí mi.

"Mọ́mì, ta ló ná owó bọ́ọ̀sì?"

"Dírẹ́tọ̀ ni. Ó fi lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì."

"Báwo ló ṣe rí i mú? Ẹ ní ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́."

Awakọ̀ náà ń wo ojú ọ̀nà gan-an. Mo ní, "Èmi ni mo tẹ ìkejì."

"Ẹ mọ̀ pé owó bọ́ọ̀sì ni?"

"Mo mọ̀."

Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, "Ẹ káàárọ̀ mà" àti "Ó dàárọ̀ mà" nìkan ló ń bá mi sọ. Kò bú mi, kò sunkún. Ì bá dáa ká ní ó bú mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, a pe ìpàdé òbí. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sórí bébà: ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, owó kọ̀ọ̀kan, ẹni tó béèrè fún un, ẹni tó fọwọ́ sí i. Mo ṣe é lẹ́dà, mo pín in fún gbogbo èèyàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Dírẹ́tọ̀ kò ka tirẹ̀. Ó dìde. "Ẹ̀jẹ̀ mi ni mo fi kọ́ ẹgbẹ́ yìí. Ọdún mẹ́sàn-án. Ìwé ni ẹ wá fi ń ka ẹ̀jẹ̀ èèyàn?"

Olùdámọ̀ràn Pàtàkì, tí ìmọ̀ràn kan kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, wá rí ọ̀kan gbà wá. "Akápò, ṣé kì í ṣe orúkọ tiyín náà ni mò ń rí níbí?"

"Òun ni," mo ní. "Ó wà ní ìlà kejìlá, ó wà ní ìkẹtàdínlógún. Mo mọ̀ pé kò dáa, mo sì tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá yọ òun, ẹ yọ èmi náà."

Ọkùnrin kan nínú àwọn àgbà dìde, ó ní ká bo àṣírí ara wa, pé a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òyìnbó gbọ́ pé àwa aláwọ̀ dúdú ò lè darí nǹkan. Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dí wa lójú fún ìgbà pípẹ́. Àṣírí ta là ń bò? Ti ọkùnrin tó ní ẹ̀wù mẹ́ta, kì í ṣe ti ọmọ tó lu igi mọ́ igi níwájú àlejò. Ìgbà tó bá kan aṣáájú ni à ń rántí aṣọ tí a ó fi bo èèyàn.

Ìyá àgbà ará Èkìtì ló bá wa parí rẹ̀. Kò dìde, ó ka bébà náà tán pẹ̀lú gíláàsì lójú, ó wá bi olùkọ́ ìlù léèrè.

"Ọmọ mi, èló ni awọ ìlù kan?"

Olùkọ́ sọ fún un.

"Tí a bá kó owó ẹ̀wù àti owó hòtẹ́ẹ̀lì yìí pọ̀, awọ mélòó ló máa rà?"

Olùkọ́ ṣírò rẹ̀ lórí fóònù. Ó wò ó, ó tún un ṣírò. "Ó máa tó gbogbo ìlù wa ní ìgbà mẹ́rin, mà. Á tún ṣẹ́kù."

Ìyá náà bọ́ gíláàsì. "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí ó máa gbé e lọ."

A dìbò. Mọ́kàndínlógún ní kó lọ, mẹ́rìnlá ní kó dúró. Ẹ ka ìyẹn dáadáa: mẹ́rìnlá. Èèyàn mẹ́rìnlá ka bébà yẹn láti òkè délẹ̀, ọmọ wọn wà nínú àwọn tó dúró sí Heathway, wọ́n sì ní kó dúró, nítorí pé ó máa ń kí wọn dáadáa, pé ó rẹwà nínú ẹ̀wù.

Bó ṣe rí, òun ló ní orúkọ ẹgbẹ́, torí òun ló fi orúkọ ara rẹ̀ gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. Ó mú un lọ. Ó mú àwòrán rẹ̀ lọ, ó mú fèrè idẹ lọ, ó mú àwọn mẹ́rìnlá lọ pẹ̀lú ọmọ wọn. Ìlù nìkan ló fi sílẹ̀ fún wa. Ó mọ bí wọ́n ṣe rí.

Olùkọ́ ìlù dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. "Àǹtí, ẹ ti mọ̀ tipẹ́."

"Mo ti mọ̀."

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ di téèpù mú fún mi, ẹ mọ̀."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń fi kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngán lu itan. Ó ní kí n má fọwọ́ kan owó ẹgbẹ́ mọ́, àmọ́ tí mo bá fẹ́, gbọ̀ngán nílò ẹni tó máa gbá a lẹ́yìn ìdánrawò. Mo gbà. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí, mo ṣì ń gbá a.

Mo ṣe àfikún iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù fún oṣù mẹ́rin, mo sì ra awọ ìlù mọ́kànlá. Kì í ṣe inú rere, gbèsè ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ọmọ mi jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀ pẹ̀lú ìlù tirẹ̀ láàárín ẹsẹ̀, ó ń gbìyànjú láti fi awọ tuntun bo ojú rẹ̀. Òrùka irin tó ń di awọ mú ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ń kọjá lọ sí ìdáná.

"Mọ́mì, ẹ bá mi di ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn mú."

Mo jókòó tì í, mo dì í mú. Ó ń yí ìdè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi igi kàn án, ó ń tẹ́tí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń mọ̀ tí ohùn bá ti dọ́gba yíká. Àlàyé náà gùn, mi ò sì dá a lẹ́nu dúró.

Awakọ̀ tírélà yẹn ni akápò báyìí. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, á dúró níwájú gbogbo wa, á ka ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, títí dórí owó bisikíìtì. Ó máa ń súni. Àwọn ọmọ á máa yán. Kò sẹ́ni tó joyè nínú wa. Ọmọ mẹ́rìndínlógún ló kù sí wa lọ́wọ́, torí àwọn kan tún jáwọ́ lẹ́yìn náà, a ò ní fèrè, ìdíje onílù nìkan la sì ń lọ. Ní èyí tá a lọ kẹ́yìn, a ṣe ipò karùn-ún nínú ẹgbẹ́ méje.

Lóṣù tó kọjá, mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Chadwell Heath, mo sì yà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní High Road láti ra iṣu. Ẹnì kan pè mí lẹ́yìn.

"Akápò! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Dírẹ́tọ̀ ni. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo kí i, nítorí pé wọ́n tọ́ mi. Ara rẹ̀ le. Ó ní ẹgbẹ́ òun ń gbèrú, pé wọn ò pe òun ní Dírẹ́tọ̀ mọ́, Ààrẹ ni wọ́n ń pe òun báyìí, ó sì fi fọ́tò ẹ̀wù tuntun hàn mí lórí fóònù. Búlúù ni. Mo bi í léèrè iye ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́. Ó ní òun ò lè sọ ní pàtó, pé akọ̀wé ló mọ ìyẹn.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó sún mọ́ mi. "Mà, kò sí ìjà láàárín wa o. A ń wá akápò. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yẹn jù."

Mo wò ó lójú. Ó ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó rántí nípa mi ni pé tó bá ní kí n tẹ̀ ẹ́, mo máa ń tẹ̀ ẹ́.

"Rárá sà," mo ní. Mo sanwó iṣu mi, mo gba ṣéńjì, mo sì kà á níbẹ̀ kí n tó jáde.